Etí Don Fidencio

Ọdún tí ọkọ mi, Fidencio Bojórquez, pé mẹ́tàdínláàádọ́rin ni etí rẹ̀ méjèèjì kú pátápátá. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn ìyẹn ló fi ń fi etí ka ẹyẹ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi Eduviges tí a jọ hu ìwà náà, mi ò tíì rẹ́rìn-ín tèmi tán.

Ẹyẹ tó ń kà yìí, palmoteador là ń pè é lọ́dọ̀ wa, ìyẹn apàtẹ́wọ́. Igbe rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ orin bá ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: kẹ́k-kẹ́k-kẹ́k, kò bá ohun tí wọ́n ń kọ mu, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ẹyẹ náà ò tóbi ju adìẹ tí ebi ń pa lọ. Àárín eèsún inú Ciénega, àbàtà wa, ló ń gbé, kì í sì í jáde wá kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà wọn kì í fi ojú kà á, etí ni. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn onímọ̀ ẹyẹ á wá láti ìlú San Luis, wọ́n á kó àwa ará abúlé El Tornillal sínú ọkọ̀ ojú omi. A ó dúró nídìí òpó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rì mọ́ inú omi, a ó pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kékeré kan á ké bí apàtẹ́wọ́, àwọn apàtẹ́wọ́ tòótọ́ á gbaná jẹ, wọ́n á máa dá a lóhùn pé ta nìyẹn lórí ilẹ̀ baba wọn. Iye tí o bá gbọ́ ni wàá kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ akẹyẹ tí ọkọ mi ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Fidencio ò bọ̀wọ̀ fún ohunkóhun tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Lékeléke ló ń pe àlùfáà wa, nítorí aṣọ funfun, àti nítorí bí ọrùn bàbá náà ṣe máa ń nà síwájú tí oúnjẹ bá ń kọjá. Bí àwọn àlejò òyìnbó láti òkè ààlà bá dé pẹ̀lú awò lọ́rùn, tí wọ́n ní, "Don Fidencio, ẹyẹ wo nìyẹn?", á ní, "Ìyẹn? Ó máa ń dùn tí a bá fi ata sí i." Bó ṣe máa ń dá ọ̀gá lóhùn náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe sí ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n lórí omi, ọkùnrin ni. Nílé, kò mọ ibi tí mò ń gbé iyọ̀ sí, a sì ti ń gbé inú ilé kan náà fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpákè fún un, dókítà ní kó má dé etí omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé àga, ó kọjú sí ògiri, ó jókòó. Mo gbé machaca, ẹran gbígbẹ, síwájú rẹ̀, ó ní òun ti yó. Mo gbé kọfí wá, ó ní kí n gbé e fún ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo rò pé màá di opó. Ọjọ́ tó padà sínú ọkọ̀ ló tó bú mi, mo sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kí ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin ẹyẹ kíkà ò fi ibì kan wọ́: ẹni tí kò bá gbọ́ràn mọ́, kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti sọ ọkùnrin kan kalẹ̀ báyẹn rí. Ìdí igi mesquite létí títì ló jókòó sí dòní, mọ́tò ló ń kà.

Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Èmi ni mo máa ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wa láàárín eèsún, òun á jókòó níwájú, á kẹ̀yìn sí mi, ìwé á wà lórí itan rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, apàtẹ́wọ́ kan ké nítòsí débi pé díẹ̀ ló kù kó wọ fìlà rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ọkọ mi ò mira. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Òmíràn ké. Kò kọ nǹkan kan. Òmíràn tún ké, ọkọ mi ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń dúró de òjò nínú aṣálẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ẹsẹ̀, mo fi àtàǹpàkò gún un nídìí ẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó di àṣà wa. Ẹsẹ̀ òsì fún ẹyẹ apá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ti ọ̀tún. Bó bá jìnnà, màá rọra gún un. Bó bá wà nítòsí, màá gún un bí ẹni tó jẹ mí níyà. Ọdún mẹ́rin! A ò sì sọ ọ́ nílé rí, kò tó gbólóhùn kan. Ó ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀fọn ló ń jẹ òun lẹ́yìn. Lọ́dún kẹta, pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún nídìí òpó kẹrin, ẹsẹ̀ náà ń ta, mi ò lè dá a dúró. Kí n tó mọ̀, ó ti kọ ẹyẹ márùn-ún sílẹ̀. Inú àwọn onímọ̀ ẹyẹ dùn débi pé wọ́n ya fọ́tò ibẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni aráyé ò ṣe fura. Àfojúdi rẹ̀ ló bò ó láṣìírí. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ káàárọ̀, Don Fidencio, ṣé ara le?", tó sì fèsì pé, "Ní ọjọ́ Ẹtì," wọn á ní, ẹ ò rí i, bàbá yìí ti tún dé. Ẹni tó ti ń sọ ìsọkúsọ láti kékeré, ta ló máa mọ ìgbà tó di àìsàn?

Lọ́dún kẹrin ni Yareli dé. Onímọ̀ ẹyẹ ni ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ̀wé, ó lọ́yàyà, ó sì ní àrùn kan tó ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé jà: ó fẹ́ kí nǹkan túbọ̀ dára sí i. Nírọ̀lẹ́ tí kíkà ku ọ̀la, ó wá kí wa nílé. Mo bu ẹ̀wà fún un, mo yan tòtíìyà.

"Don Fidencio," ó ní, "lọ́dún yìí, akẹyẹ méjì la fẹ́ lò nídìí òpó kọ̀ọ̀kan. Kálukú á wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣe àmì sí ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà la ó wá fi ìwé méjèèjì wéra. Doña Eduviges ni mo fẹ́ kó ṣe ìkejì yín, mo gbọ́ pé etí wọn mú. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, inú àwo ni ọkọ mi ń wò. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí i pé ẹnu ọmọ náà ti dákẹ́, ó sì mọ̀ pé òun ló kàn.

"Ata ló kù sí i," ó ní.

Yareli rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ti sọ fún òun ní San Luis pé kò sẹ́ni tó lẹ́nu bíi Don Fidencio. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo dúró síwájú ọkọ mi níbi tó ti lè rí ẹnu mi dáadáa.

"Ìwọ arúgbó yìí, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹ̀wà ẹ dùn."

"Ọkọ̀ méjì ló ní! Èmi níhìn-ín, ìwọ lọ́hùn-ún! Ká kẹ̀yìn síra wa!" Mo mú ṣíbí méjì, mo gbé wọn kalẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀kan kọjú síbí, ìkejì kọjú sọ́hùn-ún. Ó wo àwọn ṣíbí náà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èékánná ẹ ti gùn jù."

Ìyẹn la tíì sọ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. Mo ní kó sọ pé inú ń run òun. Ó ní inú ò run òun. Mo ní, "Fidencio, wọ́n á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀." Ó ní, "Ta ló bí wọn? Kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ yẹn ni mo ti wà nínú omi yìí." Ó bọ́ bàtà, ó lọ sùn, ó sì ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó dití ló máa ń hanrun jù, kì í sì í dí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó yẹn, inú mi dùn díẹ̀. Orúkọ mi máa wà lórí ìwé, orúkọ bàbá mi náà lẹ́yìn rẹ̀. Eduviges Armenta, akẹyẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi etí mi ṣiṣẹ́ tí orúkọ ọkọ mi ń jẹ iyì rẹ̀, mi ò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n èèyàn ni mí.

Láàárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, a bá Lisandro létí omi. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni, òun ló máa ń gbé àwọn àlejò lọ wo ẹyẹ. Ó mú obìnrin òyìnbó kan dání, Lorna lorúkọ rẹ̀, ó dé fìlà funfun kan tó fẹ̀ bí àtẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí obìnrin yìí máa wá láti Ohio nìyẹn. Ó ní ìwé kan tó ń fàmì sí ẹyẹ tó bá ti bá pàdé láyé rẹ̀, rírí ni o, gbígbọ́ ni o. Ó ti bá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín ẹyọ kan pàdé. Apàtẹ́wọ́ ló kù.

"Lisandro," Yareli ní, "ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ pe ẹyẹ lórí omi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo fi ibojì ìyá mi búra," Lisandro ní.

Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ó ń ta oúnjẹ tamales létí títì.

Òpó keje ni wọ́n fún wa. Yareli so ọkọ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí ó tó ìwọ̀n mítà mẹ́wàá láàárín wa. Ó gbé ẹ̀rọ kọ́ orí òpó, ó ní ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé. Ó wá tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ jìnnà kí ariwo má bàa dí wa lọ́wọ́. Mo kẹ̀yìn sí ọkọ mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń bá a jókòó sínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ náà mi ò rí nǹkan kan àfi omi.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Kẹ́k-kẹ́k-kẹ́k. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá a lóhùn: ọ̀kan lápá ọ̀tún nítòsí, méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mò ń kọ ọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ń jó fúnra rẹ̀ nínú bàtà. Mẹ́ta mìíràn ké lápá ìlà oòrùn. Ó di méje. Lẹ́yìn náà ni mẹ́rin bú sí i lápá òsì, lẹ́yìn eèsún níbi tí omi ti tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹ̀rọ wa á ké, wọ́n á ké. Ẹ̀rọ wa á tún ké, wọ́n á tún ké. Mi ò gbọ́ apàtẹ́wọ́ tó lóhùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ mọ́kànlá, mo sì kọ "nítòsí gan-an" sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ìkẹyìn. Mo wá ń gbàdúrà sí Wúńdíá Mímọ́ pé kó fún Fidencio ní nọ́ńbà, nọ́ńbà tó bá wù ú.

Yareli padà dé, ó gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó fi wọ́n wéra.

"Mọ́kànlá," ó ní. "Méje." Ó wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ korò. "Don Fidencio, mẹ́rin ló fò yín. Àwọn tó sì ké nítòsí jù lọ ni. Ẹ wò ó níbí." Ó nawọ́ sí ibi tí mo kọ ọ́ sí, ó sì tún nawọ́ sí apá òsì.

Wọ́n ní irọ́ bó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo dijú. Mo ń rí ògiri ilé wa àti àga níwájú rẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rín Fidencio.

"Níbẹ̀ yẹn?" ó ní. "Ẹyẹ kankan ò sí níbẹ̀. Fìlà ló wà níbẹ̀."

A tú ọkọ̀, a yí eèsún náà po. Lóòótọ́, fìlà ni. Lorna ló wà lábẹ́ rẹ̀, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀, ìwé rẹ̀ wà láyà rẹ̀. Lisandro jókòó tì í, ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orí ọ̀pá ìpẹja, ó tì í bọ inú eèsún. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ké nígbà tí a dé bá wọn. Tiwa náà sì ń dá a lóhùn láti orí òpó. Àpótí méjì ń bára wọn jà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn!

"Ó ní ẹyẹ náà dá àwọn lóhùn!" Lisandro ní, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ. "Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin!"

Lorna ṣí ìwé rẹ̀, ó fi hàn wá. Ó ti fi bíírò pupa fàmì sí i.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń gba omi. "Sọ fún un kó kọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Apàtẹ́wọ́ alábátìrì. Kò sẹ́ni tó ní in nínú ìwé rẹ̀ láyé yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," Lisandro ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa wá nìyí, àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

"Lisandro," Yareli ní, ohùn rẹ̀ tutù bíi yìnyín, "pa nǹkan yẹn. Gbé àlejò rẹ padà sétí omi. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó o tó mú un wá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ náà yíjú sí ọkọ mi, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ẹni mímọ́. "Ẹ̀rọ tó tan gbogbo ayé jẹ, kò tan yín jẹ. Don Fidencio, irú etí wo lẹ ní?" Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, mo sì rí i pé ohun tó fẹ́ sọ ò rọrùn fún un. "Doña Eduviges, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí kò bá mọ ohùn ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti ẹyẹ, mi ò lè fi orúkọ rẹ̀ sáàárín akẹyẹ. Èmi náà láwọn ọ̀gá tí mò ń jíṣẹ́ fún. Màá ní láti yọ yín."

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun. Wákàtí kan péré ni orúkọ mi ti wà lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé, Eduviges, bọ́rọ̀ ṣe yẹ kó parí nìyí. Ọkọ rẹ ti bọ́ nínú ewu. Kí ló tún kù tí ò ń wá?

"Òótọ́ ni, ọmọ mi," mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín. "Etí mi ti ń dàrú tipẹ́. Ogbó ti dé."

Fidencio ò gbọ́ gbogbo èyí. Ohun tí ó rí ni bíírò. Ó rí i pé ọmọ náà fa ìlà kọjá lórí orúkọ mi. Ó na ọwọ́ rẹ̀ ńlá yẹn, ó gbé e lé orí ìwé.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Doña Eduviges ni mò ń yọ, nítorí etí wọn..." Ìwé ni ọmọ náà ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Wojú mi kó o tó sọ̀rọ̀. Tún un sọ."

Ọmọ náà tún un sọ. Fidencio wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi parí, ó wá wò mí. Mo mirí sí i. Mo di ètè mọ́ra, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, mo fi gbogbo ara bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀, kó má ba ohun tí a fi ọdún mẹ́rin tọ́jú jẹ́.

"Adití ni mí," ó ní.

Ó pariwo rẹ̀ débi pé pẹ́pẹ́yẹ fò lórí omi. Adití ò mọ bí ohùn òun ṣe ń ròkè tó. Láti ọdún mẹ́rin tí etí rẹ̀ ti kú, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì sọ ọ́ sójú rẹ̀ rí.

"Adití ni mí, ọdún kẹrin rèé. Kí Lékeléke gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wá lù mọ́ mi lórí, mi ò ní gbọ́. Ìdí tí ẹ̀rọ ò fi tàn mí jẹ nìyẹn. Ta ló fẹ́ fi igbe tan adití jẹ? Eèsún ni mo wò lónìí. Bí apàtẹ́wọ́ bá ń bínú, ó máa ń rìn káàkiri, eèsún á sì mì nídìí. Èyí tó bá ń mì lórí, afẹ́fẹ́ ni. Ibi méje ló mì nídìí láàárọ̀ yìí. Apá òsì ò mì rárá." Ó nàka sí mi. "Obìnrin yìí ló létí. Ohun tó ké, ó gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́. Ẹ̀bi ẹni tó ń ké ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó gbọ́. Gbogbo ẹyẹ tó wà lórúkọ mi lọ́fíìsì yín láti ọdún mẹ́rin, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kà wọ́n. Àfi márùn-ún kan nídìí òpó kẹrin. Pajápajá ni ìyẹn."

Yareli gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ojú tì mí débi pé mo ká a sábẹ́ ara mi.

"Ìwé etí ni, Don Fidencio," ó ní, ó sì rántí láti kọjú sí i. "Mi ò lè kọ ohun tójú rí sínú rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo mọ̀. Kọ orúkọ ẹ̀ padà ná."

Ó kọ ọ́ padà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Eduviges Armenta. Ó ní òun á kọ́ mi bí a ṣe ń dá ohùn ẹ̀rọ mọ̀, pé kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í yí ohùn padà. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà sórí orúkọ ọkọ mi. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Ọkọ mi ní kó fa á kó gún, pé ìlà wíwọ́ ò yẹ ọ̀mọ̀wé.

A so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tèmi. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ mi, ó jókòó, ó kọjú sí mi, nítorí kò tún sí ohun tó máa wò níwájú. Mo ti ọkọ̀, a sì fi Yareli sílẹ̀ nídìí òpó. Ìgbà tí eèsún bò wá ni mo bú gbàù.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo ti gbà á! Mo ti ní etí mi ló dàrú! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń na ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí títí oríkèé fi ń ro mí, o wá dà á nù láàárọ̀ kan ṣoṣo! Arúgbó olórí kunkun! Kí lo fẹ́ máa ṣe nílé? Kí lo fẹ́ máa wò?" Mo ń pariwo, kò sì sí ohun tí mò ń fi pamọ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹnu mi.

"Rọra," ó ní. "O ti ń yára jù. Mo bá ẹ dé olórí kunkun."

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ń bà mí, Fidencio."

Ó rí èyí kedere. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pe ìwọ ní aláìgbọ́ràn? Lójú mi? Rárá o. Kò ṣeé ṣe."

Oòrùn ti yọ dáadáa. Lápá ọ̀tún, láàárín eèsún, apàtẹ́wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òmíràn sì gbè é. Mo dá ọ̀pá dúró láìmọ̀. Ó rí i pé mo dúró.

"Ṣé wọ́n ń ké ni?"

Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mélòó?"

Mo na ìka méjì.

Ó yíjú sí apá ọ̀tún, ó wo eèsún fún ìgbà pípẹ́, ó tún yíjú padà sí mi. "Ìyá arúgbó," ó ní, ó sì rọra sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, "báwo ló ṣe máa ń dún ná? Mo ti gbàgbé."

Mo gbé ọ̀pá sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo sì ké bí apàtẹ́wọ́, kẹ́k-kẹ́k-kẹ́k, bí mo ṣe lè ṣe é tó. Ó dijú.

"Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn," ó ní. "Tún un ké."

Mo tún un ké títí ohùn mi fi há, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.